Ó Ti Wà ní Géètì

Ẹnu ni mo fi ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì Ọ̀gá Ifeanyi ní Wharf Road. Ọ̀gá ló ń bá àwọn èèyàn gba kọ̀nténà wọn jáde ní wọ́ọ̀fù. Èmi Yínúsà ló ń gbé fóònù tí wọ́n bá pè láti béèrè ẹrù wọn. Ohun kan náà ni mò ń sọ fún gbogbo wọn: “Ẹ fọkàn balẹ̀. Ó ti wà ní géètì.” Bí ọkọ̀ tó gbé ẹrù bá ṣì wà láàárín òkun tí ẹja àbùùbùtán ń fi í ṣeré, ó ti wà ní géètì. Bí tírélà bá sùn sọ́dọ̀ mẹkáníìkì láìní táyà kan ṣoṣo, ó ti wà ní géètì. Báyìí la ṣe ń kí ara wa ní Àpápá.

Àfi ọjọ́ tí ọ̀gá yà sí ọ́fíìsì tó kọjú sí tiwa, tó rí i pé kọ̀ǹpútà ló ń dá àwọn oníbàárà tiwọn lóhùn lórí WhatsApp. Nígbà tó padà dé, ojú ẹ̀ pọ́n bí ata rodo.

“Yínúsà, ṣé o mọ kọ̀ǹpútà?”

“Ọ̀gá, kí ló wà nínú kọ̀ǹpútà?”

“Ó dáa. Ṣe irú tiwọn fún mi kóṣù yìí tó parí. Tí o ò bá rí i ṣe, àpò sìmẹ́ńtì wà nísàlẹ̀, wọ́n ń wá ẹni tó máa gbé e.”

Èmi tí mo sá kúrò nílé ìwé ní JSS 3 torí pé ayé ò gba èmi àti olùkọ́ ìṣirò pọ̀.

YouTube ni mo kọ́kọ́ sá lọ. Ọ̀gbẹ́ni kan ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ń ta lẹ́nu ẹ̀ bíi gúgúrú nínú ìkòkò. Mo wò ó títí dátà mi fi tán, ti aládùúgbò mi tán, nẹ́tíwọ́ọ̀kì gbogbo Ajégúnlẹ̀ dákú. Ohun kan ṣoṣo tí mo gbọ́ yé ni pé kí n má gbàgbé láti tẹ ‘subscribe’.

Mo ra ìwé. Ìwé ọ̀hún nípọn débi pé ọlọ́kadà kọ̀ láti gbé wa, ó ní èrò méjì ni wá. Ojú ewé àkọ́kọ́ ní kí n tan kọ̀ǹpútà mi. Mi ò ní kọ̀ǹpútà. Bí mo ṣe kàwé náà tán nìyẹn. Òun ni ìyá mi fi ń dá ilẹ̀kùn dúró di bá a ṣe ń sọ yìí.

Mo wá lọ bi AI. Ó da kọ́ọ̀dù sílẹ̀ tó gùn láti Boundary dé Tin Can. Mo ní ibo ni kí n kó o sí? Ó ní ìbéèrè tó dáa gan-an ni mo bi òun.

Ló bá ku Ànńtí Akpevwe, tó ń kọ́ àwọn èèyàn ní kọ̀ǹpútà nínú ṣọ́ọ̀bù kan ní Boundary. Èèyàn mẹ́jọ là ń pín kọ̀ǹpútà kan: ẹnì kan á tẹ̀ ẹ́, àwa yòókù á máa fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ kó má baà gbiná. Gbogbo ohun tí mo bá tẹ̀, àṣìṣe ni, lẹ́tà pupa á bo ojú ẹ̀. Ọ̀rọ̀ mi sú ànńtí.

“Kí lo fẹ́ kó máa ṣe gan-an?”

“Ẹ jọ̀ọ́ mà, kó máa dá oníbàárà lóhùn ni.”

“Kí ni wọ́n máa ń béèrè?”

“Ẹrù mi dà? Tírélà dà? Ṣé ẹ ti sá lọ ni?”

“Ìdáhùn ńkọ́?”

Mo ronú. Mo tún un rò. “Ó ti wà ní géètì.”

“Sí gbogbo ẹ̀?”

“Gbogbo ẹ̀, mà.”

Ó wò mí bí ẹni rí ẹja tó wọ bàtà. “Jókòó jàre. Ìlà kan péré ni gbogbo wàhálà ẹ.”

Èmi ni mo tẹ ìlà náà. Òun ló bá mi so ó mọ́ WhatsApp ọ́fíìsì.

Ọ̀gá gbé fóònù tiẹ̀, ó dán an wò. Ó tẹ̀ ẹ́ pé: kọ̀nténà mi dà? Kíá ló dáhùn: Ẹ fọkàn balẹ̀. Ó ti wà ní géètì. Ó ní ṣé wọ́n ti jí i gbé lọ sí Snake Island ni? Ẹ fọkàn balẹ̀. Ó bú u lédè Ìbò, èébú tó lè mú kí kọ̀nténà bọ́ nínú kíréènì. Ẹ fọkàn balẹ̀. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú ẹ̀. Èmi ti ń wo ibi tí màá gbé àga ọlọ́lá mi sí.

“Yínúsà, ṣé ó máa ń jẹun?”

“Rárá, ọ̀gá.”

“Ṣé ó máa ń gba owó ọkọ̀?”

“Ọ̀gá, kò lẹ́sẹ̀ kankan.”

“Ṣé ó máa ń pẹ́ dé lọ́jọ́ Mọ́ńdè?”

Mo yára bẹ̀rẹ̀ sí í nu tábìlì.

“Yàtọ̀ sí èyí tó ń ṣe yìí, kí lo tún ń ṣe níbí?”

Mo nawọ́ gbé fóònù ọ́fíìsì; kò sẹ́ni tó ń pè.

Ọ̀gá ní, “Lọ sinmi nílé díẹ̀. Màá pè ẹ́.”

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti jókòó tira fóònù. Lánàá, ara mi ò gbà á mọ́, mo tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ sí nọ́ńbà ọ́fíìsì: Ọ̀gá, ìgbà wo ni kí n padà sẹ́nu iṣẹ́?

Mi ò tíì gbé ọwọ́ kúrò lára fóònù tí èsì fi dé.

Ẹ fọkàn balẹ̀. Ó ti wà ní géètì.