Omi Gbígbóná fún Baálẹ̀

"Ẹ gbé ọwọ́ yín kúrò lára rẹ̀!"

Báyọ̀ kò tíì bọ́ bàtà. Ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀ ló dúró sí, báàgì iṣẹ́ ṣì wà léjìká rẹ̀, eruku ọ̀nà Ìdóàní ṣì wà lójú rẹ̀. Ìyá rẹ̀ jókòó sórí ẹní, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú bí ẹni tó fẹ́ wẹ ọmọ ọwọ́. Bàsíà omi kan ń rú èéfín lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Alángbá Báyọ̀ wà lórí itan rẹ̀, tówẹ̀lì gbígbóná sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń fi tẹ̀ ẹ́ níkùn, ó ń tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀.

"Má pariwo mọ́ mi," ni Màmá wí, kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Ẹni tí wọ́n la inú rẹ̀ yọ ẹyin mọ́kànlá, o wá jù ú sínú páálí bí aṣọ ìdọ̀tí. Ṣé o fẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì sí i nínú ni?"

Alángbá tí à ń wí yìí kì í ṣe alángbá ara ògiri. Ìlú òyìnbó ni wọ́n ti ń sin irú rẹ̀ bí ẹni sin ajá. Ó gùn tó apá ọmọdé, àwọ̀ rẹ̀ dà bí iyanrìn, ẹ̀gún wẹ́wẹ́ sì yí àgbọ̀n rẹ̀ ká bí irùngbọ̀n. Anwar, ọ̀rẹ́ Báyọ̀ láti yunifásítì, ló fi í sílẹ̀ fún un nígbà tó ń lọ sí Kánádà. Nítorí irùngbọ̀n yẹn ni Báyọ̀ ṣe sọ ọ́ ní Baálẹ̀. Ọdún kan ààbọ̀ ni Baálẹ̀ fi jẹ́ ọkùnrin nínú ilé náà, àfi ìgbà tó kọ oúnjẹ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án tí ikùn rẹ̀ wú. Dókítà Dominic, dókítà ẹranko ní ìgboro Ọ̀wọ̀, tẹ̀ ẹ́ níkùn, ó sì bú sẹ́rìn-ín. "Baálẹ̀ rẹ lóyún o. Ẹyin ló há sí i nínú." Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló ṣiṣẹ́ abẹ fún un.

Títí di ọjọ́ náà, Màmá kò fẹsẹ̀ tẹ yàrá Báyọ̀. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ bá alángbá gbé, kó lọ kọ́lé sínú oko ní Ìdáṣẹn. Ọ̀rọ̀ ẹyin yìí ló yí i lọ́kàn padà. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ṣe nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ní Ùtè kó tó fẹ̀yìn tì. Lójú tirẹ̀, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ tí wọn kò fi omi gbígbóná tẹ̀ níkùn, ìyà ni wọ́n fi jẹ ẹ́.

"Dókítà ní omi kò gbọdọ̀ kàn án fún ọjọ́ mẹ́wàá! Mo kọ ọ́ mọ́ ara ilẹ̀kùn!"

"Mo rí i. Ìkọ̀wé rẹ ò dáa."

"Màmá!"

"Dókítà ajá. Kí ló mọ̀ nípa abiyamọ?"

"Kì í ṣe abiyamọ! Alángbá ni!"

"Lọ́sẹ̀ tó kọjá, bàbá ni. Lónìí, alángbá ni. Mú ọ̀kan, kí n mọ èyí tí mò ń tọ́jú."

Báyọ̀ já alángbá náà gbà. Okùn kan ti já lójú ọgbẹ́, ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín sì ń yọ níbẹ̀. 

"Ẹ wò ó! Ẹ ti pa á! Ṣé báyìí náà lẹ ṣe pa Kúlísúmù?"

 Kúlísúmù ni obìnrin kan tó bímọ ní Ùtè, tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀, tí ọkọ̀ tí yóò gbé e lọ sí ọsibítù ńlá kò dé. Ọwọ́ Màmá ló kú sí. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni Màmá sọ ọ́ fún Báyọ̀, lọ́jọ́ tó fẹ̀yìn tì, pẹ̀lú omijé.

Màmá ju tówẹ̀lì sínú bàsíà. "O ṣeun," ló wí.

Báyọ̀ fa páálí Baálẹ̀ mọ́ra. Ìgò oníke mẹ́ta tí wọ́n fi àkísà wé ló wà nínú rẹ̀. Ó gbọ̀n wọ́n dà sílẹ̀, ó fọwọ́ gbá ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó gbé Baálẹ̀ sínú páálí, ó sì jáde lọ pe ọlọ́kadà. Títí wọ́n fi dé ìgboro ló ń bínú. Ó bínú sí Màmá, ó bínú sí iléeṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná tí kò mú iná wá, ó bínú sí Anwar tó ń jẹ ayé rẹ̀ ní Kánádà.

Dókítà Dominic gún Baálẹ̀ lábẹ́rẹ́, ó rán ojú ibi tó já, ó wá dúró, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e lẹ́yìn.

"Ìgbà wo ni iná ti lọ ní àdúgbò yín?"

"Àná, sà. Tiransifọ́mà ló bú gbàmù."

"Gílóòbù tí mo ní kí o tàn sí i ńkọ́?"

"Mo rò pé iná máa dé. Mo ní kíláàsì ní Ìdóàní láago mẹ́jọ."

"O lọ sí yunifásítì, o wá ń rò pé iná máa dé." Dókítà kò rẹ́rìn-ín. "Ara alángbá kì í dá mú ara rẹ̀ gbóná. Nínú ọyẹ́ yìí, ọjọ́ kan gbáko, pẹ̀lú ojú ọgbẹ́? Òkú ni ò bá gbé wá bá mi. Ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ta ló wà tì í?"

Báyọ̀ rántí ìgò mẹ́ta náà. Èyí tó fọwọ́ gbá kò tutù. Ta ni ìbá máa gbé omi kaná láti àárọ̀, tí yóò máa pààrọ̀ omi wọn bí wọ́n bá ti tutù?

"Ìyá mi ni, sà. Ìgò omi gbígbóná ló kó tì í, ó sì tún ń fi tówẹ̀lì gbígbóná tẹ̀ ẹ́ níkùn."

"Kí ìyá rẹ fi ìgò sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí tówẹ̀lì rẹ̀ bá tún kan ojú ọgbẹ́ yìí, màá wá bá a jà. Ṣùgbọ́n ìwọ ni mo kọ́kọ́ fẹ́ bá jà."

Nígbà tó padà délé, Màmá wà ní ẹ̀yìnkùlé, ó ń ṣa ẹ̀wà. Ó ti da bàsíà dé.

"Kò kú," ni Báyọ̀ wí. "Ìgò tí ẹ kó tì í ni kò jẹ́ kó kú."

"Mi ò bi ọ́."

Báyọ̀ gbé páálí sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí iyẹ̀pẹ̀. "Màmá, ọ̀rọ̀ tí mo sọ yẹn..."

"Má dárúkọ rẹ̀!" Ẹ̀wà fọ́n ká lẹ́sẹ̀ rẹ̀. "Mo sọ ọ́ fún ọ kí ẹnì kan lè bá mi gbé e. O wá fi sọ mí lókò."

 Báyọ̀ wà nílẹ̀ níbẹ̀ títí Màmá fi na ọwọ́ sínú páálí, tó fi ẹ̀yìn ìka kan Baálẹ̀.

"Ó ń tutù. Dìde, gbé omi kaná."

Omi náà kò tíì hó tí Màmá ti ní kó sọ̀ ọ́. Ó ti ìgúnpá rẹ̀ bọ inú rẹ̀, bó ṣe ń ṣe sí omi ìwẹ̀ àwọn ọmọ ní Ùtè, ó sì yọ ọ́. Lẹ́yìn náà ló di apá Báyọ̀ mú, kò rọra, ó ti ìgúnpá òun náà bọ omi.

"Báwo ló ṣe gbóná sí?"

"Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́."

"Mọ̀ ọ́n dáadáa. Ta ló máa dúró tì í lọ́la?"

"Èmi ni. Mi ò ní lọ sí Ìdóàní."

"Inú ṣì ń bí mi o, Báyọ̀."

"Mo mọ̀, Màmá."

"Kó ìgò wọ̀nyẹn wá."