Ohun Tó Wà Lẹ́yìn Àga Ọkọ̀ Náà

Kò sí ẹni tó mọ abẹ́rẹ́ lò lára àga ọkọ̀ ní gbogbo ìlú Kiryu, ní Japan, bíi Tomoe Kuwabara. Ọgbọ̀n ọdún ló ti fi ń rán ìbora àga fún àwọn ọkọ̀ àtijọ́. Bó bá fi ọwọ́ pa àga lásán, á sọ ọdún tí wọ́n rán an fún ọ, á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ bóyá inú ẹni tó rán an dùn lọ́jọ́ náà. Nígbà tí wọ́n gbé ọkọ̀ Dókítà Onodera wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nínú oṣù kọkànlá, tí afẹ́fẹ́ òkè Akagi ń gbá ilẹ̀kùn gbàgbà, ó fi ọwọ́ pa àga ẹ̀yìn, ó sì yára fa ọwọ́ náà padà.

Ọkọ̀ funfun onílẹ̀kùn méjì ni, ti ọdún 1969. Lẹ́dà dúdú tí ilé iṣẹ́ rán sí i ṣì wà lára àga iwájú, bó tilẹ̀ ti ń ya. Àga ẹ̀yìn ni kò bá a mu. Aṣọ òwú tí wọ́n rẹ sínú aró ni wọ́n fi bò ó, ìlọ́po mẹ́ta. Ojú abẹ́rẹ́ rẹ̀ kéré bí ẹyin èèrà, wọ́n tẹ̀lé ara wọn láìyẹsẹ̀. Kì í ṣe iṣẹ́ oníṣẹ́. Oníṣẹ́ wo ló ní irú àsìkò yẹn?

"Ta ló rán eléyìí, Dókítà?"

"Èmi ò mọ̀ ọ́n. Ọwọ́ alágbàtà ni mo ti rà á. Wọ́n ní bàbá kan ní Ashio ló ni ín, bàbá náà sì ti kú." Onodera ti fi ogójì ọdún yọ eyín fún àwọn ará Maebashi kó tó fẹ̀yìn tì. Ó bẹ̀rẹ̀, ó yọjú sínú ọkọ̀ náà bí ẹni ń yẹ ẹnu wò. "Ẹ bá mi yọ aláró yìí kúrò. Bí ọkọ̀ yìí ṣe jáde láti ilé iṣẹ́ ni mo fẹ́ kó rí, kò gbọdọ̀ lé, kò gbọdọ̀ dín. Àpéjọ àwọn ọlọ́kọ̀ àtijọ́ ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Àwọn adájọ́ ibẹ̀, ojú abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń kà."

"Ẹ ò ṣe jẹ́ ká fi í sílẹ̀? Iṣẹ́ tó dáa ni o."

"Màdáàmù, bí mo bá bá eyín ẹlòmíì lẹ́nu yín, ṣé màá ní iṣẹ́ tó dáa ni?"

Kohana, ọmọ ọmọ Onodera obìnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà, ló bá a wá. Ọmọ náà ti gun àga ẹ̀yìn, ó ń fò lórí rẹ̀. "Ibùsùn mi nìyí! Bàbá àgbà ní èmi nìkan ni màá máa jókòó síbí!"

Tomoe rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé inú.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó mú àlùmọ́gàjí, ó tú etí aṣọ náà díẹ̀. Abẹ́ aṣọ ni ó ti bá irun àgùntàn tí wọ́n lù pọ̀, tó nípọn bí ìka ọwọ́. Abẹ́ irun ni ọ̀dà dúdú. Abẹ́ ọ̀dà ni páànù, odidi páànù kan tó dí gbogbo àárín àga àti búùtù láti òkè délẹ̀. Ìṣó tí wọ́n fi kàn án lé ní ọgọ́rùn-ún, wọ́n sì fi ọ̀dà lé ojú ìṣó kọ̀ọ̀kan. Páálí lásán ni ilé iṣẹ́ fi sí ibẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣe ọkọ̀ náà, Tomoe mọ̀ bẹ́ẹ̀ dájú. Kò sí ẹni tí í ṣe wàhálà tó báyìí nítorí ariwo ọ̀nà. Ó dà bíi pé ẹni tó ṣe é ń ti ilẹ̀kùn mọ́ nǹkan kan síta ni.

Ó wá ìwé ọkọ̀ náà yẹ̀ wò, ó rí nọ́ńbà fóònù kan lábẹ́ orúkọ Genzo Sawaguchi. Ó pè é. Obìnrin arúgbó kan ló gbé e.

"Ẹ káàsán, Màmá. Aránṣọ àga ọkọ̀ ni mí, láti Kiryu. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ funfun kan ni mo bá wá."

Tomoe gbọ́ tí ife kan dún lórí tábìlì.

"Ta ló wà nídìí ẹ̀ báyìí?"

"Dókítà kan ni, Màmá. Ó ní kí n tú ẹ̀yìn àga náà."

"Má tú u."

"Kí ló dé, Màmá?"

"Mo ní kó o fi ẹ̀yìn ẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà." Ó sì gbé fóònù sílẹ̀. Tomoe tún pè é lẹ́ẹ̀mejì. Kò gbé e mọ́.

Nígbà tó ròyìn fún Onodera, bàbá náà rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. "Iwin ló wà níbẹ̀, àbí? Ẹ bá mi bi í bóyá eyín ń dùn ún!" Ṣùgbọ́n nígbà tí Tomoe kò bá a rẹ́rìn-ín, ohùn rẹ̀ yí padà. "Màdáàmù, ọkọ̀ mi ni. Bí ẹ ò bá lè ṣe é, ẹ sọ, kí n wá ẹlòmíì."

Ọjọ́ mẹ́ta ni Tomoe fi ń yí ọkọ̀ náà po láìfọwọ́ kàn án. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé bí òun ò bá ṣe é, ẹlòmíì á fi ọwọ́ líle fà á ya. Ẹni tó bá ń wá àwáwí kì í pẹ́ rí i. Lọ́jọ́ kẹrin, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ìṣó náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí páànù náà kúrò, afẹ́fẹ́ tútù kan ti inú búùtù fẹ́ sí i lójú. Kò lè ju páànù náà nù. Ó gbé e ti ògiri ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, ó kan páálí tuntun sí àyè rẹ̀, ó sì fi lẹ́dà dúdú bo àga bó ṣe wà nínú àwòrán ilé iṣẹ́.

Ó wá rẹwà. Onodera fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún nígbà tó rí i.

"Ẹ wọlé, Màdáàmù. Ẹ jókòó sẹ́yìn, ká gbọ́ bóyá nǹkan ń dún."

Òtútù mú, wọ́n sì ti gbogbo fèrèsé. Wọ́n tẹ̀lé ipadò Watarase, bàbá náà ń fi ẹnu súfèé níwájú. Kò sí ohun tó ń dún. Lẹ́yìn bí ogún ìṣẹ́jú, orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ Tomoe. Lẹ́yìn náà ni oorun dé, oorun tó dùn, tó ń fà á bí ẹni fa aṣọ bora. Ó fẹ́ sọ pé kí wọ́n dúró, ó rò pé òun ti sọ ọ́, àṣé ètè rẹ̀ kò mì. Ìgbà yẹn gan-an ni Onodera yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà láti ya fọ́tò ọkọ̀ rẹ̀ létí omi. Bó ṣe ṣílẹ̀kùn, afẹ́fẹ́ òkè rọ́ wọlé. Tomoe rá jáde, ó sì bì sílẹ̀.

"Èébì ọkọ̀ ló ń gbé yín," Onodera ní. "Ẹ ò jẹun láàárọ̀ ni?"

Lóòótọ́ ni kò jẹun. "Ó jọ pé bẹ́ẹ̀ ni," ni ó wí, ó sì jẹ́ kí ọkùnrin náà gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ sílé. Ọ̀rọ̀ márùn-ún yẹn ni kò jẹ́ kó gbádùn mọ́. Orí fífọ́ náà kò lọ títí di ọjọ́ kejì. Nígbà tó di ọjọ́ Sunday, ó wọ ọkọ̀ ojú irin àárọ̀, ó gòkè lọ sí Ashio.

Fusae Sawaguchi, opó Genzo, ṣílẹ̀kùn fún un láìbéèrè ẹni tó jẹ́. Ìyá kékeré kan ni, ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀. Ó jókòó sídìí tábìlì kúkurú tí iná ń móoru lábẹ́ rẹ̀, ó bu tíì, ó sì wo ojú Tomoe.

"O tú u."

"Mo tú u, Màmá. Ẹ dárí jì mí."

"Èmi náà ò sọ tán." Ó gbé ife sílẹ̀. "Ọmọ kan ni a bí, èmi àti Genzo. Mitsuyo. Ọdún mẹ́jọ. A ń bọ̀ láti Nikko nínú yìnyín, a ti fèrèsé pa, ọmọ sùn lọ lẹ́yìn. Mo bojú wẹ̀yìn, mo rí i pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ pọ́n bí èso, mo ní ara ọmọ mi yá o. Nígbà tá a délé, Genzo ní, jẹ́ kí n gbé e, má jí i."

Ó fi ìka nu etí ife rẹ̀ yípo.

"Èéfín sàlẹ́ńsà ló ń yí padà wọ búùtù," ni ìyá náà wí níkẹyìn. "Ó ń gba inú páálí yẹn kọjá. Èyí tó ń pani nínú ẹ̀ ò ní òórùn. Iwájú ò mọ̀ ọ́n bíi tẹ̀yìn. Genzo, iṣẹ́ páànù niṣẹ́ ẹ̀. Gbogbo èèyàn ní kó jó ọkọ̀ náà, àbí kó tà á. Ó ní bí òun bá tà á, ẹlòmíì á gbé ọmọ tiẹ̀ sẹ́yìn. Ó dí i. Èmi rán aṣọ lé e, ọdún kan gbáko ni mo fi rán an. Ó wà á títí ó fi kú, kò sẹ́ni tó jókòó sẹ́yìn. Ilé ìwòsàn ni mo wà nígbà tí ọmọ àbúrò ẹ̀ tà á. Nígbà tó o pè mí, ọ̀rọ̀ náà ò gba ẹnu mi jáde."

Tomoe ti dìde. Ọjọ́ Sunday ni. Ọjọ́ àpéjọ ni. Ó tẹ nọ́ńbà Onodera, ó dún títí ó fi kú. Ó pe ilé bàbá náà. Chisato, ìyá Kohana, ló gbé e.

"Wọ́n ti lọ o, ó ti tó wákàtí kan. Kohana ló ní dandan òun máa bá bàbá àgbà lọ."

"Ibo ló jókòó sí?"

"Ẹ̀yìn ni. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Ẹ pè wọ́n, ẹ má yéé pè! Ẹ pe ọlọ́pàá ojú ọ̀nà pẹ̀lú. Kí wọ́n ṣí fèrèsé, kí wọ́n jí ọmọ yẹn. Àga tí mo ṣe, èéfín ń gba ẹ̀yìn ẹ̀ wọlé!"

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́nà, Onodera fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ nígbà tó yá. Kì í gbé fóònù bó bá ń wakọ̀. Bí fóònù ṣe ń dún ni inú ń bí i. Nígbà tó dún lẹ́ẹ̀kẹsàn-án, ó yà sí ibi ìsinmi, kó lè bá ẹni tó ń yọ ọ́ lẹ́nu jà.

"Bàbá, ẹ jí Kohana!" ni Chisato kígbe.

"Kí ló dé tó o fi ń pariwo? Ọmọ ń sùn, jẹ́ kó—"

"Ẹ jí i!"

Ó pè é. Ó tún pè é. Ó gbọn ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ náà pọ́n, ó dára bí ti ọmọlangidi. Bàbá ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin fa ọmọ gba àárín àga jáde, ó tẹ́ ẹ sórí kóríko nínú afẹ́fẹ́, ó sì ń kígbe sí gbogbo ẹni tó ń kọjá.

Ní Ashio, àwọn obìnrin méjì náà jókòó ti fóònù. Tíì tutù. Nígbà tó dún, Fusae di ọwọ́ Tomoe mú, agbára ọwọ́ náà ju ti arúgbó lọ.

"Ó ti bì," Chisato ń sunkún. "Ó ti bì, ó sì ti pe orúkọ mi. Wọ́n ti ń gbé e lọ sílé ìwòsàn."

"Ó jí?" ni Fusae ń béèrè. "Bi í léèrè, ó jí?"

"Ó jí, Màmá."

Ìyá náà fi orí lé tábìlì. Ẹ̀kún tó sun lọ́jọ́ náà kì í ṣe ti Kohana nìkan.

Ọjọ́ mẹ́rin ni Kohana lò nílé ìwòsàn, tí wọ́n ń fi atẹ́gùn ọ́síjìn sí i nímú. Fún oṣù kan lẹ́yìn náà, bó bá fẹ́ mú nǹkan, ọwọ́ rẹ̀ á gbọ̀n. Onodera wá sí ṣọ́ọ̀bù, ojú rẹ̀ ti fà wọnú. Kò jókòó.

"Ṣé ẹ sọ fún mi pé oorun ń kùn yín lọ́jọ́ yẹn?"

"N kò sọ ọ́, Dókítà. Ó yẹ kí n sọ ọ́."

"Ẹ sọ pé ìyá yẹn ní kí a má tú u. Èmi ni mo rẹ́rìn-ín." Ó wo ilẹ̀. "Mo fẹ́ jó o níná."

"Bí ẹ bá jó o, ọ̀kan ló tán. Irú rẹ̀ ṣì pọ̀ lójú ọ̀nà."

Bàbá náà wo páànù tó wà lára ògiri. "Ẹ ṣe é bí Sawaguchi ṣe ṣe é. Kí ó má sì sí àga kankan lẹ́yìn mọ́."

Ohun tí Tomoe ṣe nìyẹn. Ó kan páànù padà, ó fi ọ̀dà lé ojú ìṣó kọ̀ọ̀kan. Onodera kò gbé ọkọ̀ náà lọ sí àpéjọ kankan títí di òní.

Nígbà tí yìnyín ń yọ́, lẹ́tà kan ti Okayama dé. Ọ̀dọ́kùnrin kan ló kọ ọ́. Ó ti gbọ́ òkìkí Tomoe. Irú ọkọ̀ yẹn gan-an ló ní, funfun bákan náà. Àga ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya, ó fẹ́ kí wọ́n tún un rán. Ó ní inú òun dùn láti sọ pé kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan inú rẹ̀ rí, páálí ilé iṣẹ́ ṣì wà lẹ́yìn àga bí wọ́n ṣe gbé e síbẹ̀. Ó fi fọ́tò kan sí i. Àwọn ìbejì rẹ̀ ló sùn lórí àga ẹ̀yìn, ẹnu wọn là díẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn pọ́n.

Tomoe kò ka lẹ́tà náà parí. Ó wo ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́. Ó ti pé ọjọ́ mẹ́fà. Ó gbé fóònù, ó tẹ nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀ ìwé náà, ó sì dúró, ó ń gbọ́ bó ṣe ń dún.