Ọmọ Wa Ni, Kò Ní Bínú

"Màámi, ta lẹ fàmì sí?"

"Ìwọ ni. Ta ni ǹ bá tún fàmì sí?"

"Èmi nìkan?"

Ìyá Oyèrónkẹ́ wo ọmọ rẹ̀ bí ẹni pé ó bú òun. "Ìwọ nìkan kẹ̀? Ṣé ẹnì kan ni wọ́n ní ká fàmì sí ni? Ìwé tí ìwọ fúnra rẹ kọ yẹn, ó ní gbogbo ẹni tí a bá fọwọ́ sí. Ṣé kí n wá sọ pé n kò fọwọ́ sí Ọlágúnjú? Ẹni tó fi mọ́tò gbé mi lọ sọ́dọ̀ dókítà nígbà tí o wà lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì rẹ? Àbí Dáramọ́lá tó ń bá mi wo ẹ̀jẹ̀ ríru? Orúkọ ọmọ èèyàn á wà níwájú mi, èmi á wá fò ó bí ẹni fo gọ́tà?"

Gabriel, akọ̀wé ìdìbò, ṣẹ̀ṣẹ̀ ka èsì tán nínú gbọ̀ngàn ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ni, ariwo ayọ̀ ò sì tíì rọlẹ̀. Uncle Ọlágúnjú ló ṣe ipò kìíní. Dókítà Dáramọ́lá ló tẹ̀ lé e. Oyèrónkẹ́ ló gbẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ àwọn mẹ́ta péré ló fẹ́ ṣe ààrẹ ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá ní Stockbridge, ní Amẹ́ríkà. Àwọn méjì tó ṣíwájú ló ń lọ sí ìdìbò gbogbogbòò lóṣù tó ń bọ̀. Ẹni kẹta á máa lọ sílé ẹ̀.

Inú bí i. Kì í ṣe irú ìbínú tí èèyàn ń fi ẹ̀rín bò mọ́lẹ̀ o.

Kí lẹ fẹ́ kó ṣe? Kó máa jó? Òun náà ló gbé ọ̀nà ìdìbò yìí wá! Tẹ́lẹ̀, orúkọ ẹnì kan ṣoṣo ni kálukú máa ń fàmì sí. Ìbò á fọ́ yángá, ẹni tí àwọn díẹ̀ ń tẹ̀ lé á wọlé, àwọn tó kù á bínú lọ dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀. Oyèrónkẹ́ ló dìde ní ìpàdé ọdún tó kọjá tó ní ó tó gẹ́ẹ́. Nínú ìdìbò abẹ́lé, kí kálukú fàmì sí gbogbo ẹni tó bá fọwọ́ sí, ì báà jẹ́ ẹnì kan, ì báà jẹ́ gbogbo wọn. Àwọn méjì tí èèyàn bá fọwọ́ sí jù ni kó jọ figa gbága nínú ìdìbò gbogbogbòò, níbẹ̀ ni kálukú á ti mú ẹnì kan. Ó ní báyẹn, ẹni tí ọ̀pọ̀ èèyàn lè bá ṣe ló máa jáde. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Uncle Ọlágúnjú fúnra rẹ̀ ní ọmọ náà lọ́pọlọ gan-an.

Ọ̀rọ̀ ipò kọ́ ló ń dùn ún, ọ̀rọ̀ ilé ẹgbẹ́ tó wà ní Clarkston ni. Ẹgbẹ́ ló ra ilé náà látayébáyé, pé kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Nàìjíríà dé tí kò mọ ẹnì kankan rí ibi forí pamọ́ sí títí ẹsẹ̀ rẹ̀ á fi ranlẹ̀. Oyèrónkẹ́ náà sùn níbẹ̀ nígbà tó dé. Ìbídàpọ̀ ló wà níbẹ̀ báyìí, ọmọbìnrin tó wá kàwé, tí ọkọ rẹ̀ ò tíì rí físà gbà, tí ọmọ rẹ̀, Àánú, ò tíì mọ̀ ọ́n rìn. Ilé yìí ni Uncle Ọlágúnjú àti Dókítà Dáramọ́lá ń pariwo kiri pé àwọn máa tà, kí ẹgbẹ́ fi kọ́ gbọ̀ngàn ayẹyẹ sí Stockbridge. Oyèrónkẹ́ nìkan ló ní ilé ò ṣeé tà. Òun ni wọ́n sì já sílẹ̀ báyìí. Èyí ó wù kó wọlé nínú àwọn méjì yẹn, ilé ti lọ nìyẹn.

Ó wẹ̀yìn, ó rí Ìbídàpọ̀ tó pọn Àánú dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ó lọ bá a.

"Ìbídàpọ̀, ìwọ ńkọ́? Ta lo fàmì sí?"

Ọmọbìnrin náà wolẹ̀. "Aunty, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Àwọn Uncle méjèèjì ni."

"Èmi ńkọ́?"

"Uncle Ọlágúnjú ló jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, Aunty. Ojú wọn wà lára bébà mi. Mo ní tí wọ́n bá rí i pé mo fàmì sí tiyín, wọ́n á ní èmi ni mo wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ilé yìí tí mò ń kì yín láyà. Wọ́n lè ní kí n jáde lọ́la." Omi ti ń lé ròrò lójú ẹ̀. "Ẹ̀yin, mo mọ̀ pé ẹ ò ní bínú."

Ẹ wá gbọ́ ọ̀rọ̀ o! Ẹni tí wọ́n fẹ́ já òrùlé kúrò lórí ẹ̀ ló fàmì sí àwọn tó fẹ́ já a.

Ìgbà náà ni gbogbo rẹ̀ wá yé Oyèrónkẹ́. Àwọn èèyàn wọ̀nyí ò dìbò rárá. Wọ́n kí èèyàn ni. Ìwé tó kọ ní "ẹni tí ẹ bá fọwọ́ sí", dípò kó kọ "ẹni tí ẹ fẹ́ kó ṣe ààrẹ" gbangba gbàǹgbà. Ọmọ Yorùbá wo ló máa rí orúkọ àgbà lórí bébà tó máa sọ pé òun ò fọwọ́ sí i? Wọ́n fàmì sí àwọn àgbà kí àgbà má baà ní wọ́n rí òun fín. Ìgbà tó kan orúkọ tiẹ̀, ẹni tó bá wù fàmì sí i, ẹni tí kò wù fò ó. Ọmọ wa ni, kò ní bínú! Inú tún bí i ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó sì bínú sí ara rẹ̀ náà.

Uncle Ọlágúnjú ti gba máìkì lọ́wọ́ Gabriel níwájú. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn ìyá, ó wá na ọwọ́ sí Oyèrónkẹ́.

"Oyèrónkẹ́, ọmọ dáadáa, máa bọ̀ níwájú níbí. Ẹ pàtẹ́wọ́ fún un. Ó gbìyànjú." Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó dé iwájú. Uncle gbé máìkì lé orí tábìlì, ó rẹ́rìn-ín. "Ọmọ wa ni, kò bínú. Àbí o bínú ni?"

Gbogbo ilé ló mọ ìdáhùn. Á ní "rárá o, sà", á kúnlẹ̀, wọ́n á gbàdúrà lé e lórí, wọ́n á wá bu ìrẹsì fún kálukú.

"Mo bínú, sà."

Ẹ̀rín kúrò lójú Uncle.

"Kí lo wí?"

"Mo ní mo bínú, sà. Inú ń bí mi gidi gan-an."

"Oyèrónkẹ́!" Ìyá rẹ̀ ti dìde. "Kúnlẹ̀ jàre! Ṣé orí ẹ pé ṣá?"

"Màámi, ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀."

Dókítà Dáramọ́lá tún gíláàsì ojú rẹ̀ ṣe. "Ṣebí ìwọ lo mú òfin yìí wá? Ṣé torí kò ṣe ẹ́ lóore lo ṣe fẹ́ ká wọ́gi lé e?"

"N kò ní kẹ́nikẹ́ni wọ́gi lé nǹkan kan, sà. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ mókè, ẹ kú oríire. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ á bára wa sọ òótọ́. Àwọn èèyàn yìí kí yín ni, wọn ò tíì yan ẹnì kankan. Lóṣù tó ń bọ̀, kò sí pé mo fàmì sí méjèèjì. Ẹnì kan ni. Àpọ́nlé ti parí sí òní." Ó nàka sẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ wo ọmọ tó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ yẹn. Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà méjì ló wà lọ́jà wa o, orí ọmọ sì ti wọ́! Àwọn tó fàmì sí mi pọ̀ níbí, wọn ò ní ẹni tí wọ́n máa mú mọ́. Èwo nínú yín ni kò ní ta ilé Clarkston? Kó sọ ọ́ níbí. Òun la máa mú."

Ẹnì kan pariwo látẹ̀yìn pé "Òótọ́ ni!" Òmíràn ní "Ẹ dáhùn, sà!" Àwọn bàbá méjì tí wọ́n ti ń gbá ara wọn lẹ́yìn láti àárọ̀ wá ń fi ẹ̀gbẹ́ ojú wo ara wọn.

"Ọ̀rọ̀ ilé," Dókítà Dáramọ́lá bẹ̀rẹ̀, "ọ̀rọ̀ ilé yìí, ó gba pé kí ìgbìmọ̀ kan kọ́kọ́ jókòó, kí wọ́n gbé e yẹ̀wò..."

Uncle Ọlágúnjú ò jẹ́ kó parí ẹ̀. "Ta tiẹ̀ ló sọ pé mo fẹ́ ta ilé?" ó ní, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. "Èmi Ọlágúnjú? Kí n ta ilé mọ́ ọmọ ọwọ́ lórí? N kò ní tà á."

Àwọn tó wà níwájú bú sẹ́rìn-ín. Dókítà Dáramọ́lá yíjú sí i, ẹnu rẹ̀ ò padé. Uncle ò wojú rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ sókè láti gbàdúrà.

"Ó ti tán, ọmọ mi. Kúnlẹ̀."

Ìyá rẹ̀ ń ṣẹ́wọ́ sí i pé kó kúnlẹ̀. Orúnkún Oyèrónkẹ́ ti ń tẹ̀ fúnra rẹ̀, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ láti kékeré. Ó nà án padà. Inú ṣì ń bí i. Ó mú máìkì lórí tábìlì, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e sẹ́nu bàbá náà, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

"Ẹ tún un sọ, sà," ó ní. "Àwọn tó wà lẹ́yìn ò gbọ́."