Àgbo Ìyá Débọ́lá Lọ́jọ́ Àwọn Onígbọ̀wọ́

Láti ìgbà tí Ìyá Débọ́lá ti di ìyá àgbà, ìtọ̀ ló máa ń jí i láàárọ̀. Lọ́jọ́ Túsìdeè yẹn, ní ọdún 2007, ẹ̀rù ló jí i. Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì nínú fúláàtì rẹ̀ ní Fẹ́sítáàkì, ó gbọ́wọ́ lé àyà, àyà náà sì ń lù kìkì.

"Ìwọ àyà yìí," ó ń bá ara rẹ̀ wí, "ṣé òní lo máa dójú tì mí?"

Ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń bá a fínra. Lọ́dún tó ṣáájú ni Dókítà Níyìọlá, ọmọ tí wọ́n tọ́ dàgbà ní Fẹ́sítáàkì níbẹ̀, tó ti di olùkọ́ àwọn oníṣègùn ní yunifásítì, wá ṣí klíníìkì sí gbọ̀ngàn kan nítòsí Apple Junction. Iṣẹ́ ìwádìí ni. Òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti yẹ oògùn tuntun kan wò títí nínú yàrá àyẹ̀wò wọn, ó wá kù kí wọ́n rí bó ṣe máa ṣe lára èèyàn. Ọ̀fẹ́ ni oògùn náà, ọ̀fẹ́ ni àyẹ̀wò. Ṣùgbọ́n àjọ kan láti òkè òkun ló ń gbé owó ìwádìí ọ̀hún kalẹ̀, owó náà sì ti ń tán lọ. Nọ́ọ̀sì Ṣìmí ló là á mọ́lẹ̀ fún Ìyá Débọ́lá àtàwọn ìyá yòókù tó ń lo oògùn náà pé àwọn onígbọ̀wọ́ ọ̀hún ń bọ̀ ní Túsìdeè wá fojú ara wọn rí i.

"Tó bá tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n á tún fún wa lówó," Ṣìmí ní. "Tí kò bá tẹ́ wọn lọ́rùn, ẹ̀yin màmá wa, àwa náà á palẹ̀ mọ́ nìyẹn. Kò sóògùn mọ́."

Ìyá Débọ́lá mọ ẹni tí kò ní jẹ́ kó tẹ́ wọn lọ́rùn. Òun náà ni. Ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ a wálẹ̀ lónìí, a tún gòkè lọ́la, torí kò lè rí ẹja gbígbẹ oníyọ̀ kó mójú kúrò. Kí oògùn yẹn tó dé, ó ti dákú rí ní balùwẹ̀, níhòòhò, pẹ̀lú ọṣẹ lójú. Bọ́lárìnwá, púlọ́ńbà tó wá tún ẹ̀rọ omi ṣe, ló fi gbogbo agbára gbé e dìde. Láti ọjọ́ náà, bí ọmọ yẹn bá rí i lókèèrè, ṣe ló máa ń yà sí ọ̀nà mìíràn. Ìyá Débọ́lá máa ń fi ìtàn yẹn rẹ́rìn-ín fún gbogbo ayé. Ohun tí kì í sọ ni pé nígbà tó la ojú, òun kò rántí orúkọ òun. Ìyẹn ló ń bà á lẹ́rù. Bí oògùn bá lọ, ó ṣeé ṣe kí ó ṣubú lọ́jọ́ tí kò sí púlọ́ńbà nílé.

Ló bá ka ìbẹ̀wò àwọn òyìnbó sí ìdánwò. Ta ló sì ń wọ ìdánwò láì wá ẹ̀spó, ìdáhùn àjíwò? Ó ra gbòǹgbò asofẹ́yẹjẹ, tí àwọn ẹlẹ́wé ọmọ máa ń tà fún ẹ̀jẹ̀ ríru, ó sè é títí ó fi dúdú. Láàárọ̀ náà ó pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ Sìlífátù àti ìyá mẹ́ta mìíràn tí wọ́n jọ wà nínú ìwádìí wá sílé.

"Ṣé dókítà ò ní ká má fi nǹkan kan lú oògùn yẹn?" Sìlífátù bèèrè. Ó ti na kọ́ọ̀bù síwájú kó tó bèèrè.

"Ọmọ wa ni dókítà. Ṣé kí àwọn òyìnbó wá já a kulẹ̀ lójú wa ni? Ààbọ̀ kọ́ọ̀bù péré."

Sìlífátù tọ́ ọ wò, ojú rẹ̀ fún pọ̀. "Hàà! Ìyá Débọ́lá, ó korò ju orogún lọ!"

"Gbé e mì jàre. Ṣebí orogún méjì lo gbé mì nílé ọkọ."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, àwọn yòókù mu ààbọ̀ ààbọ̀. Sìlífátù mu kọ́ọ̀bù kan tán, ó tún bu ìkejì. "Kí tèmi lè dáa dáadáa," ó ní.

Nígbà tí wọ́n dé klíníìkì, àwọn onígbọ̀wọ́ ti jókòó: obìnrin òyìnbó kan tí irun rẹ̀ ti funfun, àti ọkùnrin kan tó ń kọ nǹkan sílẹ̀. Dókítà Níyìọlá so táì mọ́rùn, òógùn bò ó. Nọ́ọ̀sì Ṣìmí wọn ẹ̀jẹ̀ Ìyá Débọ́lá, ó wo ẹ̀rọ, ó tún un wọ̀n.

"Màmá, ti yín dáa lónìí o!"

Dókítà rẹ́rìn-ín sí òyìnbó náà. Inú Ìyá Débọ́lá dùn débi pé kò kọ́kọ́ fura pé ilẹ̀ ń yí lábẹ́ bàtà òun. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pe Sìlífátù. Sìlífátù dìde, ó tún gèlè ṣe, ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó sì rọra wó lulẹ̀ bí aṣọ tó já lórí okùn.

"Sìlí! Sìlífátù!"

Dókítà ti kúnlẹ̀ tì í. Ètè Sìlífátù ti funfun. "Ẹ̀jẹ̀ wọn ti lọ sílẹ̀ jù, sà," Ṣìmí pariwo, "mi ò tiẹ̀ gbọ́ ọ mọ́!"

"Kí ni wọ́n jẹ? Kí ni wọ́n mu?"

Ọ̀kan nínú àwọn ìyá já Ìyá Débọ́lá ní èékánná nítan: dákẹ́. Dókítà gbójú sókè sí àwọn onígbọ̀wọ́, ó fi Gẹ̀ẹ́sì sọ pé ó lè jẹ́ oògùn àwọn ló ṣe é. Ìyá Débọ́lá gbọ́ ìyẹn yékéyéké. Ìtọ̀ gbóná dà sí i lẹ́sẹ̀. Bó bá sọ̀rọ̀, owó lọ, oògùn lọ, òun náà fẹ́ẹ̀ lè lọ. Bó bá dákẹ́, wọ́n á máa wá ohun tí kò sọnù kiri, Sìlífátù á sì kú síbẹ̀ pẹ̀lú gèlè rẹ̀.

"Asofẹ́yẹjẹ ni!" Ohùn náà jáde bí ohùn ẹlòmíràn. "Àgbo ni. Èmi ni mo sè é. Kọ́ọ̀bù méjì ló mu."

"Nígbà wo?"

"Láàárọ̀ yìí. Gbogbo wa la mu ún. Ká lè yege fún ọ, ọmọ mi."

Dókítà wò ó bí ẹni tí wọ́n gbá létí. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí pariwo: kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ Sìlífátù sókè, kí wọ́n gbé dírípù wá, kí wọ́n pe dírẹ́bà. Bó ṣe ń wá iṣan lápá Sìlífátù ló ń túmọ̀ gbogbo rẹ̀ fún obìnrin òyìnbó náà, kò fi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan pamọ́, títí kan pé àyẹ̀wò ọjọ́ náà ti bàjẹ́. Ọkùnrin yẹn dá gègé dúró. Obìnrin náà bèèrè ohun kan.

"Kí ló wí? Gẹ̀ẹ́sì inú imú ẹ̀ ò yé mi," Ìyá Débọ́lá ní.

"Ó ní báwo ni a ṣe fẹ́ mọ̀ pé òní nìkan ni."

"Kí lo dá a lóhùn?"

"Mo ní n kò mọ̀, mà."

Nínú ọkọ̀ tó ń sáré gbé wọn lọ sọ́sìbítù, Sìlífátù la ojú díẹ̀. "O ti sọ fún wọn?"

"Mo ti sọ."

"Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀."

"Ẹnu ẹ," Sìlífátù ní, ó tún di ojú. Ìyá Débọ́lá di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń fi ìka wá ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń lù. Ó rí i. Ó sọnù mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó tún rí i.