Àga Nílé Onígbàjámọ̀

Alága ni gbogbo àdúgbò ń pè é, ṣùgbọ́n kò sí ìpàdé kankan tó ń darí. Àga ṣọ́ọ̀ṣì ló ń tọ́jú. Nígbà tí onígbàjámọ̀ tí ilé rẹ̀ kọjú sí ṣọ́ọ̀ṣì papòdà, Alága kò bi ẹnikẹ́ni kó tó kó gbogbo àga sọdá títì fún àwọn tó ń wá kí opó. Ó gbàgbé pé bíṣọ́ọ̀bù ń bọ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi.

Lọ́sàn-án Sátidé, Pásítọ̀ wọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó bá ilẹ̀ gbalasa.

"Alága, àga dà?"

"Wọ́n wà nílé onígbàjámọ̀."

"Onígbàjámọ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tẹ inú ṣọ́ọ̀ṣì yìí rí?"

"Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kò tẹ̀ ẹ́, Pásítọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kò yọ orí ẹnikẹ́ni nínú wa sílẹ̀."

Ẹ̀rín fẹ́ẹ́ bọ́ lẹ́nu Pásítọ̀, ó gbé e mì. "N kò bá yín ṣeré o, Bàbá. Bí àwọn àga náà kò bá dé kí agogo ìsìn tó lù lọ́la, ẹlòmíràn ni ìjọ yóò fi ṣe Alága."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Alága lára. Kò mọ orin kọ, kò lè gbàdúrà níwájú àwùjọ. Àga nìkan ló fi ń sin Ọlọ́run.

Nígbà tó délé, ìyàwó rẹ̀, aránṣọ, kò tilẹ̀ dá ẹ̀rọ rẹ̀ dúró.

"Bàbá wọn, kí wá ni bíṣọ́ọ̀bù yóò jókòó lé? Ẹsẹ Bíbélì?"

"Ìwọ náà ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

"Ẹ lọ sọ fún opó náà. Bí ojú bá ń tì yín, ẹ di ojú, kí ẹ fẹnu sọ ọ́."

Alága lọ. Àgbàlá opó kún. Àwọn àgbà tó ti ọ̀nà jíjìn wá ń tòògbé lórí àga. Opó rí i, ó dìde, ó nu àga tirẹ̀.

"Ẹ jókòó, Bàbá. Ẹni tó fún gbogbo wa níjòókòó, òun nìkan ni kò tí ì jókòó."

Alága jókòó. "Mo wá..."

"Mo mọ̀. Ẹ wá wò bóyá àga tó."

Alága wo yíká àgbàlá. "Ṣé ó tó?"

"Ó ku ẹyọ kan. Ìyá ọkọ mi ń bọ̀ nírọ̀lẹ́."

"Màá gbé e wá," ni ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀.

Ó padà délé, ó dúró sẹ́yìn ìyàwó rẹ̀.

"Ẹ ti gba àga bọ̀?"

"Dìde díẹ̀."

Aránṣọ yí ojú padà, ó wo ọkọ rẹ̀, òye yé e. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì dìde kúrò lórí àga rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, gbogbo ìjọ dúró gbagidi. Pásítọ̀ gbé àga kan ṣoṣo láti ilé rẹ̀ wá fún bíṣọ́ọ̀bù. Bíṣọ́ọ̀bù fi ìyá arúgbó kan jókòó sórí rẹ̀. Orúnkún bíṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀ sì gé ìwàásù kúrú: ẹni tí ìwàásù rẹ̀ máa ń mú odindi ìjọ sùn ṣe àmín kí ẹnikẹ́ni tó yán.

"Ta ló ń tọ́jú àga níhìn-ín?" ni bíṣọ́ọ̀bù bèèrè.

Alága bọ́ síwájú. "Èmi ni, Bàbá. Wọ́n wà nílé ọ̀fọ̀ lódìkejì títì. Mo lọ gbà wọ́n, n kò lè sọ ọ́."

"Kí ló dí yín lẹ́nu?"

"Àwọn ènìyàn jókòó sórí wọn, Bàbá."

Pásítọ̀ dá sí i, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀. "Èmi ni mo rán Alága. Èmi fúnra mi kò tí ì lọ kí opó náà."

"Kí la wá ń dúró ṣe?" ni bíṣọ́ọ̀bù wí. "Ẹ jẹ́ ká lọ síbi tí àga wà."

Bí wọ́n ṣe sọdá títì nìyẹn, tọmọdé tàgbà. Opó rí wọn lókèèrè, ó kígbe: "Yéè! Ibo ni kí n fi gbogbo yín sí?"

Pásítọ̀ yíjú padà. "Alága," ni ó pè é, "iṣẹ́ yín dé o."

Alága sún tibí, ó sún tọ̀hún. Ẹni méjì jọ jókòó sórí ẹyọ kan, bíṣọ́ọ̀bù sì rí àyè láàárín àwọn àgbà.

"Ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́, Bàbá?" ni opó bi Alága.

"Ẹ jẹ́ kí n dúró," ni ó dáhùn. "Níbí ni mo ti rí gbogbo yín dáadáa."