Igi Òdòdó Ẹnu Ọ̀nà

Igi àkọ́kọ́ là sí méjì bí irin ìluhò ṣe wọ inú rẹ̀, ó sì ta lu ògiri. Obìnrin agbẹ́gi náà pa ẹ̀rọ, ó pòṣé ṣàràrà. "Òun náà ló fọ́ ọ," ni ó wí, bí ẹni pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin wà nínú ṣọ́ọ̀bù.

Irọ́ ni o. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan igi yẹn lónìí bí kò ṣe òun fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n inú tó ti ń bí obìnrin yìí láti oṣù méje kì í gbọ́ àlàyé. Ìyá wọn kò tíì pé oṣù kan tó kú tí ẹ̀gbọ́n fi gé igi òdòdó tí màmá gbìn sẹ́nu ọ̀nà, kò bi ẹnì kankan, nítorí kí ọkọ̀ rẹ̀ lè ráyè wọlé. Ó wá kó ẹ̀ka rẹ̀ sínú àpò, ó gbé e wá fún àbúrò. Àbúrò ta á nípàá sábẹ́ tábìlì, kò yẹ̀ ẹ́ wò.

Òní ló tú àpò náà. Lọ́la ni àwọn méjèèjì máa fọwọ́ síwèé tí wọ́n á fi ta ilé màmá, kálàmù tó ń fi igi yẹn gbẹ́ ló sì fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n fi kọ orúkọ rẹ̀. Kó dì í mú dáadáa. Kó mọ ohun tó pa.

Igi òdòdó kì í ṣe ẹgbẹ́ ìrókò. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì gbẹgẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ gbẹ́ ẹ, gọ́ọ̀mù tó ṣàn bí omi ni yóò kọ́kọ́ dà sí i lára, yóò jẹ́ kó gbẹ, yóò tún dà á, kó tó lu ihò tí ọ̀pá idẹ inú kálàmù máa wọ̀. Ogún ọdún ló ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Lónìí, kò dà á. Ìbínú ò da nǹkan fún ni, ó mọ òwe náà, ó sì ń bínú sí òwe náà pẹ̀lú.

Igi méjì péré ló tọ́ nínú àpò. Ó ti ku ẹyọ kan. Ó gbé fóònù, ó sì sọ̀kò ọ̀rọ̀ lu ẹ̀gbọ́n rẹ̀: igi tó gé nígèékúgèé ti sán, kò wúlò mọ́.

Ẹ̀gbọ́n ní kò yẹ kó sán.

"Kí lẹ mọ̀ nípa igi, Bọ̀dá mi?"

"N ò mọ nǹkan kan. Mo ṣáà rí i pé o máa ń fi àbẹ́là yíyọ́ kun ẹnu igi tútù. Mo kun gbogbo wọn kí n tó gbé wọn wá."

Ó pa fóònù. Ó fi ìka nu eruku ẹnu igi kejì. Àbẹ́là ló wà níbẹ̀ lóòótọ́, ó nípọn jù, ó ti ṣàn wálẹ̀ kó tó dì, àmì àtàǹpàkò sì wà lára rẹ̀. Ó tú àpò dà sílẹ̀. Títí kan àwọn ẹ̀ka tí kò nípọn tó igi ìṣáná, tí kò lè wúlò fún ẹnikẹ́ni láyé, ẹ̀gbọ́n ti kun wọn, ẹnu méjèèjì, lọ́kọ̀ọ̀kan. Láìsí àbẹ́là yẹn, igi náà ì bá ti yára gbẹ, gbogbo rẹ̀ ì bá sì ti sán láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Inú ṣì ń bí i. Igi màmá ti kú náà ni. Ó da gọ́ọ̀mù sí igi kejì lára díẹ̀díẹ̀, ó jókòó tì í, ó sì tún pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Kò sán," ni ó wí. "Èmi ni mo fọ́ ọ."