Pe Orúkọ, Kó O Sọ Ibi Tó Wà

Bí ẹ bá fẹ́ tètè kú nínú gẹ́ẹ̀mù ìbọn, ẹ ṣe bí mo ṣe ṣe lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ bọ́ láti inú bàlúù síbi tí gbogbo ayé ń bọ́ sí, níbi tí ilé pọ̀ sí, tí ìbọn sì pọ̀ sí. Ẹ wá dúró gbagidi láàárín títì, kí ẹ máa wo ọ̀tún, kí ẹ máa wo òsì, bí ẹni tó ń wá ilé àna. Ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ péré ni mo lò láyé. Philip, àbúrò ọkọ mi, rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Inúmidùn ni mí. Ọmọ Mopa ni mí, ṣùgbọ́n ilé Ìbítóyè ní Kabba ni mo ti ń ṣe ìyàwó láti bí oṣù mẹ́jọ. N kò ní purọ́ fún yín, oṣù méje nínú mẹ́jọ náà, àlejò ni mo jẹ́. Wọn ò hùwà burúkú sí mi o. Àmọ́ ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, àwọn ọmọ ilé á kó ara wọn jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú, níbi tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ti dára, wọ́n á gbé fóònù, wọ́n á máa yìnbọn, wọ́n á máa pariwo. Èmi á wà ní kíṣìnnì, màá máa gbọ́ ẹ̀rín wọn. Ó máa ń dùn mí wọra.

Mẹ́rin ni wọ́n. Andrew ni àgbà, ó ń ṣiṣẹ́ akọ̀wé ní ìjọba ìbílẹ̀. Samuel, ọkọ mi, ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà Destiny tó ń kọ́ni ní ilé ìwé girama, àti Philip tí í ṣe àbíkẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n gbé iṣẹ́ Samuel lọ sí abúlé kan tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ò dé, wọ́n ku mẹ́ta, ìdíje sì ń bọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ Okun ló ṣètò rẹ̀: ìdílé sí ìdílé, èèyàn mẹ́rin mẹ́rin, kálukú nílé tirẹ̀ lórí fóònù, àgbò ńlá kan sì ni ẹ̀bùn. Kí ẹnikẹ́ni tó bi mí, mo ti na ọwọ́ sókè.

“Ìyàwó,” Andrew ní, “ṣé o mọ̀ pé ìbọn ni, kì í ṣe orógùn?”

“Ẹ kọ́ mi,” ni mo dá a lóhùn, “kí ẹ wá máa wò mí.”

Destiny ló kọ́ mi, kò sì fi ojú rere kọ́ mi. Ó ní kí n má ṣe bọ́ síbi tí èrò wà. Kí n kọ́kọ́ wà láàyè ná, ìbọn á bá mi níbẹ̀. Ó ní ẹni tó bá ń sáré ní gbangba, ẹran ìgbẹ́ ni. Kí n máa ti ara ògiri bọ́ sí ara igi. Kí n fi íápíìsì sétí, torí ẹsẹ̀ èèyàn máa ń dún kí ojú tó rí i. Bí mo bá pa èèyàn, kí n má sáré lọ tú ẹrù rẹ̀, torí ẹni tó gbọ́ ìbọn mi ti ń bọ̀. Odi iná kan wà tó ń fún wọlé díẹ̀díẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ gbogbo. Kí n tètè máa rìn, kí n má dúró dìgbà tó bá ń jó mi nídìí. Ó wá gbé ìka sókè bó ṣe máa ń ṣe fún àwọn ọmọ ilé ìwé rẹ̀.

“Èyí tó ga jù rèé. Bó o bá rí ọ̀tá, pe orúkọ ẹni tó ń lọ bá, kó o sọ ibi tó wà. Ọ̀rọ̀ méjì. Ó tán.”

Gbogbo ìyókù ni mo kọ́. Eléyìí ni ẹnu mi ò gbà.

Ṣé ẹ mọ̀ pé ìyàwó kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ. Ẹni tí mo bá nínú ilé, ìbáà jẹ́ ọmọ ọwọ́, ọkọ mi ni, orúkọ tí mo bá fún un ni màá máa pè é. Níbòmíràn, wọ́n ti fi ‘bọ̀ọ̀dá’ àti ‘àǹtí’ rọ́pò rẹ̀. Ìyá ọkọ mi kò gba ìyẹn. Lójú Ìyá, ‘Bọ̀ọ̀dá Andrew’ ṣì ní Andrew nínú. Ọ̀sẹ̀ kejì tí mo wọlé, ‘Destiny’ já bọ́ lẹ́nu mi. Ìyá ní kí n kúnlẹ̀ bẹ Destiny, ẹni tí mo fi ọdún méjì jù lọ, mo sì gúnyán fún gbogbo ilé lọ́jọ́ náà títí ọwọ́ mi fi bó. Ẹ̀yin tí ẹ wá rí i tí mo ń kọ orúkọ wọn sílẹ̀ geere báyìí, ẹ ní sùúrù, ẹ óò gbọ́ ìdí rẹ̀.

Akọ̀wékọwúrà ni mo sọ Andrew. Destiny ni Ìbàdíàrán. Philip, torí eyín rẹ̀, ni Eyínfúnjowó. Orúkọ tó dùn ni wọ́n, àmọ́ wọn ò ṣeé pè lójú ogun.

Nínú ìfagagbága wa pẹ̀lú ìdílé kan láti Odò-Ẹrẹ̀, mo rí ọkùnrin kan tó ń yọ́ bọ̀ lẹ́yìn Philip. Mo kígbe pé, “Ọkọ mi Eyínfúnjowó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ẹ̀yìn yín!”

“Ìyàwó!” Philip ju íápíìsì nù. “Kí o tó dé orí ‘owó’ yẹn, wọ́n ti sin mí!”

Ó ṣàlàyé fún mi lẹ́yìn náà, kò sì bínú mọ́. Ó ní bí ìbọn bá ń dún, orúkọ tí wọ́n sọ òun nìkan ni etí òun ń gbọ́. Ìyókù ariwo ni. Ọ̀nà kan náà ni Destiny gbà kú lọ́jọ́ yẹn. Andrew nìkan ló yọ wá, orí ló sì kó o yọ. Nígbà tó gbé fóònù sílẹ̀, kò wo ojú mi.

“Sátidé tó ń bọ̀ ni àṣekágbá. Ká sọ òótọ́, Àdúràọlá ló yẹ kó jókòó síbí.”

Àdúràọlá ni ọmọ àbúrò bàbá wọn. Ọmọ ilé ni, ó lè pe ẹnikẹ́ni bó ṣe wù ú. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan péré, Andrew sì gbà tìlọ́ratìlọ́ra. Mo lọ sí kíṣìnnì, mo sunkún díẹ̀, mo nu ojú mi. Mi ò ní padà sídìí ìkòkò láti máa gbọ́ ẹ̀rín. Mo ti mọ bí àga ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn ṣe rí, mi ò sì ní dìde kúrò lórí rẹ̀ fún ẹnì kankan.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ẹnu mi. Bí mo bá ń bẹ iṣu, màá to gígé mẹ́ta sílẹ̀, màá máa pè wọ́n kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: “Andrew, ọ̀tún. Destiny, òkè. Philip, ẹ̀yìn.” Lọ́jọ́ Wẹsidé, Ìyá wúkọ́ lẹ́nu ọ̀nà.

“Ta lò ń pè?”

“Iṣu ni, mà.”

Ìyá wo iṣu, ó wò mí. “Iṣu ilé yìí ò ní orúkọ,” ó ní, ó sì lọ. Síbẹ̀, nígbà tí mi ò gbọ́ ìró bàtà rẹ̀ mọ́, mo tún pe Philip lẹ́ẹ̀mẹta.

Ẹnì kan ṣì kù tí mi ò tíì mú yín mọ̀: bàbá Àdúràọlá. Àga kan wà fún un ní ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀, pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀ àti rédíò rẹ̀. Ó ti ń tiro kí wọ́n tó bí Andrew; igi ló wó lu ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ lóko. Bí mo bá ń kọjá, á kí mi pé, “Okun o, ìyàwó,” èmi náà á kúnlẹ̀. Bàbá ni gbogbo ọmọ ilé ń pè é. Adúmáadán ni Ìyá ń pè é, torí àbúrò ọkọ rẹ̀ ni. Orúkọ rẹ̀ gan-an, mi ò gbọ́ ọ rí.

Sátidé dé. Ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, a jókòó. Ìdílé kan láti Mopa la bá dé ìparí, àwọn ọmọ ilé wa sì ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ tó. “Ìyàwó, má fi wá ta àwọn ará ilé rẹ o,” Destiny ní. Mo ní kó dákẹ́, kó di íápíìsì rẹ̀ mọ́ etí.

A bọ́ sí ẹ̀yìn odò, níbi tí kò sí èrò. A ń ti ara ilé bọ́ sí ara igi. Mo pa ẹni àkọ́kọ́ láti inú koríko, mi ò sì lọ tú ẹrù rẹ̀. Wọ́n pa Philip lórí afárá. Destiny pa méjì, bọ́ǹbù sì pa òun náà nígbà tí odi iná lé e jáde. Ó wá ku Andrew, ó ku èmi, ó ku ẹnì kan ṣoṣo ní Mopa. Ọta ti tán nínú ìbọn mi. Mo dojú bolẹ̀ nínú koríko lókè, Andrew sì lóṣòó sẹ́yìn ògiri nísàlẹ̀, ó ń wo iwájú.

Ìgbà náà ni mo gbọ́ ìró bàtà Ìyá lẹ́yìn àga mi. Ó gbé àwo ẹ̀pà sísè bọ̀ fún wa. Mo gbọ́ tó dúró.

Mo sì rí ọmọ Mopa náà. Ó ń fi àyà fà bọ̀ lẹ́yìn Andrew, kò jìnnà sí i rárá. Ẹ gbọ́, mo mọ̀ pé Ìyá wà níbẹ̀. Mo mọ iye iṣu tó ń dúró dè mí. Mo mọ̀ pé ọmọkùnrin àgbà ilé ni, kì í ṣe Philip. Ẹnu mi ti ṣí.

“Andrew! Ẹ̀yìn!”

Andrew yí bìrí, ó yìnbọn. Ọmọ Mopa ṣubú. Fóònù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọrin ìṣẹ́gun lẹ́ẹ̀kan náà, àgbò di tiwa, àmọ́ ẹnikẹ́ni ò pariwo. Gbogbo wọn ń wo ẹ̀yìn mi. Mo yọ íápíìsì, mo yíjú, mo kúnlẹ̀.

Ìyá gbé àwo ẹ̀pà sílẹ̀ lórí pẹpẹ ọ̀dẹ̀dẹ̀.

“Dìde,” ó ní.

Mi ò dìde. Mo rò pé mi ò gbọ́ ọ dáadáa.

“Mo ní kó o dìde. Ìyàwó ọdún kan ni mí nígbà náà. Bàbá yín ń gé igi lóko, àbúrò rẹ̀ kọ ẹ̀yìn sí i, ó ń di iṣu mọ́ òpó. Èmi ni mo rí i tí igi náà yí padà. Èmi nìkan ni mo rí i.” Ó nawọ́ sí àga ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀. “Orúkọ rẹ̀ wà lẹ́nu mi. Mo gbé e mì. Mo ní, ‘Ọkọ mi Adúmá…’ Igi ò dúró gbọ́ ìyókù.”

Ní ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀, Bàbá ti rédíò rẹ̀ pa.

“Mo wá di àṣà yìí mú mọ́ gbogbo ìyàwó lọ́wọ́,” Ìyá ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. “Mo rò pé bí mo bá jẹ́ kó já, á jẹ́ pé lásán ni ẹsẹ̀ yẹn lọ. Lásán náà ló lọ. Inúmidùn, bí ewu bá ń bọ̀ lẹ́yìn ọmọ mi, pè é lórúkọ.”

Omi ń bọ́ lójú mi, mi ò nù ún. Ìyá kọjá lára mi, ó lọ bá ọkùnrin tó fi ọ̀pá ti ẹsẹ̀ ní ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó dúró níwájú rẹ̀ bí ọmọ ilé ìwé.

“Gbádéyan,” ó ní. “Ẹ̀yìn.”

Bàbá wò ó pẹ́.

“Mo ti gbọ́, ìyàwó mi,” ó dáhùn. “Jókòó.”